Èépá orí yìí kò gbọ́ oògùn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ibùkún, Ọ̀bà-Ilé: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Lánàá, onídìrí kan lọ́jà tú irun tán, ó wo àtàrí, ló bá pariwo láàárín èrò pé òun ò lè fi òòyà òun ya irun elékuru. Elékuru! Bẹ́ẹ̀, owó ti wà lọ́wọ́ ẹ̀ o. Ó ti tó oṣù 2 tí dandruff yìí ti bẹ̀rẹ̀, láti ìgbà ọyẹ́. Ó ń yún, ó ń já lulẹ̀ bí ìyẹ̀fun, gbogbo ọrùn aṣọ á funfun. Mo ti fi epo àgbọn pa á, mo ti fi òrí pa á, mo ti fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, mo ti fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́. Pàbó. Oògùn wo ni kí n rà? Kí ẹnikẹ́ni má pè wá ní ọ̀bùn o.

Apòògùn Àlàgbàkà: Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Dandruff kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀bùn. Malassezia ló ń fà á, ohun alààyè tíntìntín kan tó bá ìwúkàrà tan ni, orí gbogbo wa ló ń gbé, òróró tí awọ orí ń sun ló sì ń jẹ. Tó bá pọ̀ jù, awọ orí á máa yún, á máa yára bó. Òrí àti epo àgbọn tí ẹ ń fi pa á, oúnjẹ ni ẹ̀ ń bù fún un. Ẹ wá ṣáǹpù tó ní ketoconazole 2%. Ẹ rin irun, ẹ pín in sọ́nà mẹ́rin, kí ẹ fi ọmọ ìka rá a mọ́ awọ orí, kì í ṣe irun. Èékánná kọ́ o. Ẹ wá wo aago, kó pé ìṣẹ́jú 5 kí ẹ tó ṣàn án, kó má kán sójú. Ìṣẹ́jú 5 yìí ni ọ̀pọ̀ ń fò, tí wọ́n á wá ní oògùn ò ṣiṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 4, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ 1 tàbí 2 kó má padà. Orí ta ni, mà? Ọmọ ọdún mélòó? Ṣé irun ń já?

Ìyá Àgbà, Yaba Ondo: Kẹ́míkà ṣáá lẹ mọ̀. Àdín ni kẹ́ ẹ fi pa á, kẹ́ ẹ wé e mọ́jú.

Onídìrí Òkè-Àró: Ẹ má bínú, mà, àdín ò wò ó. Ṣe ló ń lẹ èépá mọ́lẹ̀, tẹ́ ẹ ó fi rò pé ó ti lọ. Tó bá yá, á di ìpele-ìpele bí èépá ìdí ìkòkò. Ọsàn wẹ́wẹ́ náà ń ta awọ tí èèyàn ti họ. Ìyá Ibùkún, tó bá nípọn, ṣáǹpù oní salicylic acid ló ń tú u. Ẹ tú irun pátá kẹ́ ẹ tó fọ̀, torí oògùn ò lè gba abẹ́ àtáṣímẹ́ǹtì dé awọ orí. Kó gbẹ dáadáa kẹ́ ẹ tó dì í. Ẹ má sì fi rílásà sí orí tó ń yún, ojú ibi tí èékánná họ ni yóò jó.

Ìyá Àgbà, Yaba Ondo: Àwa tí wọ́n fi àdín tọ́ ńkọ́?

Ìyá Ibùkún, Ọ̀bà-Ilé: Ẹ ṣé, mà, àdín wà nílé. Onídìrí, àbí ẹ fẹ́ dá ẹlẹ́nu burúkú yẹn láre ni? Ta ló ń fi rílásà sórí ọmọ ọdún 6? Mo ń tọ́jú orí yẹn o. Ìpara kan tí wọ́n ní ó ń wo gbogbo nǹkan ni mo fi ń pa ojú ibi tí irun ti já. Ó rọlẹ̀ fún ọjọ́ 3, ó tún wá fẹ̀ sí i.

Apòògùn Àlàgbàkà: Ẹ dúró ná, mà. Ọmọ ọdún 6? Báwo ni ibi tí irun ti já yẹn ṣe rí?

Ìyá Ibùkún, Ọ̀bà-Ilé: Ojú méjì ni, ní ìpàkọ́. Ọ̀kan tó ìdérí ìgò. Irun ibẹ̀ ò tu tán, ó kán kù tótòtó, dúdú. Kókó kan wú lẹ́yìn ọrùn ẹ̀. Àbúrò ẹ̀ ọkùnrin náà ti ń họrí báyìí.

Apòògùn Àlàgbàkà: Ẹ gbàgbé ohun tí mo sọ lókè. Ó jọ làpálàpá orí. Òróró orí ọmọdé kò tíì pọ̀ kó tó bàlágà, ìyẹn ni dandruff kì í fi í sábà mú ọmọ ọdún 6. Inú irun gan-an ni làpálàpá ń wọ̀, ohun tí a fi pa á lókè ò lè débẹ̀. Oògùn mímu ló ń wò ó, griseofulvin tàbí terbinafine. Dókítà ló máa wọn ọmọ kó tó mọ iye tó máa lò, ẹ má rà á fúnra yín. Tó bá jẹ́ griseofulvin, ó sábà máa ń gba ọ̀sẹ̀ 6 sí 8. Lẹ́yìn oúnjẹ tó lọ́ràá ni, bí ẹyin díndín, torí ọ̀rá ló ń jẹ́ kí ara gbà á. Bí yíyún bá dáwọ́, ẹ má dá oògùn dúró o.

Ìpara yẹn, òní ni kó parí. Irú rẹ̀ sábà máa ń ní steroid nínú. Ó ń pa yíyún lẹ́nu mọ́, làpálàpá sì ń tàn lábẹ́lẹ̀. Ọmọ méjèèjì ni kẹ́ ẹ mú lọ. Tí ojú ibẹ̀ bá wú tó ń ṣọyún, kíákíá ni o, torí irun lè má hù níbẹ̀ mọ́. Ṣáǹpù ketoconazole yẹn, kí gbogbo ilé máa fi fọrí kó má baà ràn, àmọ́ kò lè dá wò ó. Kálukú pẹ̀lú òòyà tiẹ̀. Ẹ fọ fìlà àti àpò ìrọ̀rí.

Onídìrí Òkè-Àró: Ariwo yẹn ò dáa, mà, ó dójú ti ọmọ. Ṣùgbọ́n òòyà tó fà sẹ́yìn yẹn gba orí ọmọ ẹlòmíì là. Ẹ sọ fún un, kó fọ ohun tó bá kan irun náà.

Ìyá Àgbà, Yaba Ondo: Ìyá Ibùkún, ẹ má fi àdín pa á mọ́. N ò mọ̀ pé ọmọdé ni. Ẹ gbé wọn lọ.

Ìyá Ibùkún, Ọ̀bà-Ilé: Àyà mi já. Ṣé kó lọ síléèwé lọ́la?

Apòògùn Àlàgbàkà: Dókítà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rí láàárọ̀. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀ oògùn, ó lè lọ. Kó má ṣáà bá ẹnikẹ́ni pín fìlà tàbí òòyà.