Ọmọ tó ń sá sábẹ́ tábìlì bí géètì bá ti dún, ta ló ti rí irú ẹ̀?

Ìyá Tòmíwá, Akúrẹ́: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ọmọ àbúrò mi ló wà lọ́dọ̀ mi, ó ti pé ọdún mẹ́ta. Nílé tó ti wá, ìjà láàárọ̀, ìjà lálẹ́. Bí géètì bá ti dún, abẹ́ tábìlì ni, á di etí méjèèjì. Ó ti ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ o, ó ti dákẹ́ báyìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti tọ́ irú ẹ̀ ńkọ́?

Bàbá Ìsìnkàn: Àdúrà.

Welder: Ẹ fi gíríìsì sí géètì yẹn.

Nọ́ọ̀sì Kékeré: Àdúrà dáa, sà. Àmọ́ bí ẹ̀rù bá ń ba ọmọdé lójoojúmọ́, èròjà ara kan tó ń jẹ́ cortisol á máa ru sókè lemọ́lemọ́. Ibi tó ń ṣọ́ ewu nínú ọpọlọ ò ní sinmi mọ́, èyí tó ń bá a rántí nǹkan á sì máa jìyà ẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀mí èṣù.

Ọmọ Oǹdó: Ta ló pe ẹ̀mí èṣù? 😂

Nọ́ọ̀sì Kékeré: Ẹ dúró ná, wọ́n ń bọ̀.

Tíṣà: Ọ̀kan wà ní kíláàsì mi. Kí n ṣáà na ọwọ́ sí pátákó báyìí, á ti fọwọ́ bo orí. Olódo ni wọ́n ń pè é. Mo sún àga ẹ̀ mọ́ ògiri kí ẹnikẹ́ni má baà máa gba ẹ̀yìn ẹ̀ kọjá. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó ń gbọ́ ohun tí mò ń kọ́ wọn.

Bàbá Ìsìnkàn: Pàṣán ló sọ wá dèèyàn. Ọpọlọ ta ló bàjẹ́?

Ìyá Ọjà Ọba: Ẹ bi ìyàwó yín 😂😂

Ọmọ Oǹdó: Ìyá ti pa wọ́n! Àmọ́ lílù nìkan kọ́. Ní Romania, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní 2000 lórí ọmọ 136 tó wà nílé ọmọ aláìlóbìí. Ìdajì lọ sọ́dọ̀ alágbàtọ́. Àwọn tó lọ kí wọ́n tó pé ọdún méjì ló ṣe dáadáa jù.

Ìyá Tòmíwá: Háà! Tèmi ti pé mẹ́ta. Ó ti bọ́ nìyẹn?

Nọ́ọ̀sì Kékeré: Rárá o, mà. Ẹnì kan péré tó dúró tì í gbágbá ló nílò. Bó bá ké, ẹ dá a lóhùn. Ẹ pa àlọ́ fún un kó tó sùn. Ọ̀rọ̀ tó dákẹ́ yẹn, ẹ gbé e lọ rí dókítà ọmọdé, kí wọ́n yẹ etí ẹ̀ wò.

Ìyá Ọjà Ọba: Ẹ gbé e fún ìyá àgbà ní abúlé, ó parí.

Ọmọ Oǹdó: Kí ló parí? Ilé mẹ́rin ni wọ́n gbé èmi kiri. Ẹ jẹ́ kó jókòó síbi kan!

Ìyá Ọjà Ọba: Ìyá tèmi tọ́ méje, gbogbo wọn ló yanjú.

Ọmọ Oǹdó: Ẹ jẹ́ káwọn méje yẹn fẹnu ara wọn sọ ọ́, mà.