Villa àwọn ará Róòmù: abà ni, kì í ṣe ààfin

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú àròjinlẹ̀.

Ọ̀gá wa tó kọ̀wé lánàá ní kí a máa pe villa, ilé oko àwọn olówó Róòmù ayé àtijọ́, ní "ààfin oko" lédè Yorùbá, kí a sì máa pe ibi tí wọ́n ti ń mọ ìkòkò ní "ilé iṣẹ́". Ẹ má bínú, sà, mi ò lè fara mọ́ ọn. Ọba ló ni ààfin. Olówó ìlú ló ni villa: ilé rẹ̀ wà nílùú, oko rẹ̀ wà lẹ́yìn odi. Ṣé ètò yìí ṣàjèjì sí wa ni? Ilé nílùú, abà lóko. "Abà" ni èmi mú wá.

Ẹ wo Villa Regina ní Boscoreale, nítòsí ìlú Pompeii ní ilẹ̀ Ítálì, tí eérú òkè ayọnáyèéfín Vesuvius bò mọ́lẹ̀ lọ́dún 79 Sànmánì Kristẹni. Ilé kékeré ni. Ìkòkò ràbàtà 18 ló kún àgbàlá rẹ̀, wọ́n rì wọ́n mọ́lẹ̀ dé ọrùn, wáìnì ni wọ́n ń rọ sínú wọn. Ibi tí wọ́n ti ń fún èso àjàrà náà wà níbẹ̀. Kí ló jọ ààfin nínú ìyẹn? Àní àwọn ìkòkò yẹn, "àmù" ló tọ́ sí wọn, torí àmù omi tiwa náà máa ń fìdí wọlẹ̀.

Lóòótọ́, àwọn kan lọ́lá. Chedworth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ilé ìwẹ̀, wọ́n sì fi òkúta wẹ́wẹ́ ṣe ọnà sílẹ̀ iyàrá. Ẹ pe irú èyí ní "abà ọlọ́lá". Ṣùgbọ́n Columella, tó kọ̀wé lórí iṣẹ́ àgbẹ̀ láyé ìgbà náà, pín villa sí mẹ́ta: ibùgbé olówó, ibùgbé òṣìṣẹ́ àti ẹran, àti àká tí òróró, wáìnì àti ọkà ń wà. Ìdá kan nínú mẹ́ta kọ́ ló yẹ kó sọ gbogbo rẹ̀ lórúkọ.

Ní ti "ilé iṣẹ́", ìjọba ló ń mú wá sí èèyàn lọ́kàn. A ní "ẹbu", ibi tí àwọn amọ̀kòkò ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ béèrè Ẹbu Dada ní Òkèlélé, n'Ílọrin. Ní La Graufesenque, ibi tí wọ́n ti ń mọ ìkòkò láyé àwọn ará Róòmù, lẹ́bàá Millau ní ilẹ̀ Faransé, àwọn awalẹ̀pìtàn rí àwo tí wọ́n fín orúkọ àwọn amọ̀kòkò sí, pẹ̀lú iye tí oníkálukú kó sínú iná. Iná kan, iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn: ẹbu nìyẹn.

Ọ̀kan ṣì ń dà mí láàmú: vilicus, ẹni tó ń bójú tó villa nígbà tí olówó bá wà nílùú. "Baálẹ̀ abà" ló kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ẹrú ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, baálẹ̀ kì í sì í ṣe ẹni tí wọ́n fowó rà. "Olórí ẹrú" ti wà lédè wa tipẹ́. Ó korò lẹ́nu mi, àmọ́ òun ni màá kọ, àfi tí ẹnìkan nínú yín bá ní èyí tó sún mọ́ ọn jù bẹ́ẹ̀ lọ.