Kí ló dé tí S ò tíì tán nínú ẹ̀jẹ̀ wa?

Ìyá Ìbejì, Manchester: Ẹ kú iṣẹ́ o, ará ilé. Iṣẹ́ àṣetiléwá ọmọ ni: kí ló gbọ́dọ̀ wà kí natural selection (àṣàyàn tí ìṣẹ̀dá ń ṣe) tó lè ṣiṣẹ́ lórí àbùdá kan? Sickle cell (fòníkú-fọ̀ladìde, tí gíìnì S ń fà) ni wọ́n ní kó fi ṣàpẹẹrẹ. Bó bá ń pa ọmọ, ṣé kò yẹ kó ti parẹ́ ni?

Bàbá Àyọ̀, Houston: Ohun mẹ́ta ni, mà. Àwọn èèyàn gbọ́dọ̀ yàtọ̀ síra: AA (kò ní S), AS (ó ní S kan), SS (ó ní S méjì, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ òbí kọ̀ọ̀kan). Ìyàtọ̀ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ àjogúnbá. Ìkẹta làwọn ọmọ máa ń gbàgbé: ó gbọ́dọ̀ mú kí àwọn kan yè, kí wọ́n sì bímọ ju àwọn yòókù lọ níbi tí wọ́n ń gbé. Nílé, ibà líle ń pa ọmọ AA, fòníkú-fọ̀ladìde ń pa SS, AS ló ń yè jù. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Anthony Allison, fi èyí hàn ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ní 1954. Ṣùgbọ́n bí AS méjì bá fẹ́ra, ewu SS jẹ́ ẹyọ kan nínú mẹ́rin fún oyún kọ̀ọ̀kan. Ohun tí kò jẹ́ kí S gbalẹ̀ kan nìyẹn, ibà ni kò sì jẹ́ kó tán.

Ẹ sọ fún un kó má kọ pé ibà ló dá S sílẹ̀. Lẹ́tà DNA kan ṣoṣo ló ṣèèṣì yí nínú gíìnì, A di T (A yìí kì í ṣe ti AA). Ibà kàn ń ṣa àwọn tó ti ní in yọ ni. Wọ́n máa ń gé máàkì fún èyí gan-an.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Lọ́ńdọ̀nù: Níbí tí kò síbà, AS kò sàn ju AA mọ́, àmọ́ S kò ní yára lọ. Bí S bá jẹ́ 10 nínú 100 gíìnì, tí SS kankan ò tiẹ̀ bímọ, ìran 10 ni yóò gbà kó tó di 5, torí ara AS ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ sápamọ́ sí.

Ẹ̀yin tó fẹ́ ṣègbéyàwó, ẹ má gbára lé sickling test: kò lè ya AS sọ́tọ̀ kúrò lára SS, kò sì lè rí C (irú gíìnì náà mìíràn, yàtọ̀ sí A àti S), tó wọ́pọ̀ láàárín àwa Yorùbá. AS pẹ̀lú AC lè bí SC, àìsàn gidi nìyẹn. HPLC tàbí electrophoresis, àyẹ̀wò tó ń ya A, S àti C sọ́tọ̀, ni kẹ́ ẹ béèrè. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ̀jẹ̀ sára, kó dúró bí oṣù mẹ́rin kó tó ṣe é, kí ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì má baà da èsì rú.

Bàbá Àyọ̀, Houston: Ẹ ṣeun, Àǹtí. Ẹ̀yin AS tó ń lọ ilé ní Kérésì, ibà ṣì lè mú yín. Bó bá jẹ́ Malarone, oògùn tó ń dènà ibà, ni dókítà kọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ kan tàbí méjì ṣáájú ìrìn àjò, lójoojúmọ́ pẹ̀lú oúnjẹ, títí di ọjọ́ méje lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá padà.