Ọta fò kọjá lórí àgbọ̀nrín mi: ibo ni mo ti ṣì í?

Ọmọ Òkè-Ògùn ní Texas:
Ẹ kú ọdẹ o, ẹ̀yin ará wa. Ilé ọdẹ ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n ṣakabùlà ni bàbá mi fi kọ́ mi: rọra sún mọ́ ẹran títí wàá fi rí ìpéǹpéjú rẹ̀. Níbí, ìbọn .308 ni mò ń lò, ọta tó wúwo tó 150 grain, awò tí a fi ń fojú sun ẹran wà lórí rẹ̀. Mo mú awò àti ẹnu ìbọn bára mu ní 25 yáàdì, ibi tí mo bá wò gan-an ló ń bà.

Ní oṣù Kọkànlá tó kọjá, akọ àgbọ̀nrín kan fẹ̀gbẹ́ hàn mí ní 150 yáàdì. Ọ̀rẹ́ mi ní ó jìn, kí n gbé e sókè. Mo bá fojú sun orí ẹ̀yìn rẹ̀. Ọta fò ó dá, ẹran bẹ́ wọ igbó. Mo wá ẹ̀jẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, n kò rí ẹ̀kán kan. Mo dúpẹ́ pé n kò ṣá a lọ́gbẹ́ lásán, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Wọ́n tún ń sọ pé kí n kọ́ nípa "point blank range". Èmi rò pé kí ẹnu ìbọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹran nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lóye.

Ọdẹ Orí Òkè:
Ẹ̀gbọ́n, "gbé e sókè" yẹn ló ṣì yín lọ́nà. Awò fi nǹkan bí ínǹṣì 1.5 ga ju ihò ìbọn lọ, ẹnu ìbọn sì kọjú sókè díẹ̀. Nísàlẹ̀ ibi tí ojú ń wò ni ọta ti ń jáde. Á gòkè kọjá ojú, ilẹ̀ á wá máa fà á, á tún sọ̀ kalẹ̀. Tí .308 yín bá bá ojú awò pàdé ní 25, ní 100 àti 150 ó ti fi nǹkan bí ínǹṣì 3 wà lókè. Kò ní tún bá a pàdé títí di nǹkan bí 240. Ẹ wá tún gbé e lé orí ẹ̀yìn ẹran!

Ẹ wo ibi ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró àgbọ̀nrín bí abọ́ tó fẹ̀ tó ínǹṣì 8. Ẹ mú 6 níbẹ̀, kí 2 tó kù jẹ́ ti ọwọ́ tó ń gbọ̀n. Ibi yòówù tí ọta kò bá ti fi ju ínǹṣì 3 yà sókè tàbí sísàlẹ̀, ẹ máa wo àárín abọ́, ẹ yìn ín. Ibi tí ìyẹn parí sí ni wọ́n ń pè ní "point blank range" yẹn, kì í ṣe kí ẹnu ìbọn kan ẹran. Ti ọta yín dé nǹkan bí 260 yáàdì.

Ọmọ Òkè-Ògùn ní Texas:
Háà! Tí mo bá wo àárín ara rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ńkọ́?

Ọdẹ Orí Òkè:
Ẹ̀dọ̀fóró ni ẹ bá bà.

Ìyá Ọdẹ Georgia:
Àbúrò, 25 nìkan kò tó o. Àṣìṣe ìdajì ínǹṣì níbẹ̀ á di ínǹṣì 2 ní 100, á di 4 ní 200. Gbé ìbọn lé àpò yanrìn, yìn ín lẹ́ẹ̀mẹ́ta, jẹ́ kí irin tutù, kí o wá wọn àárín ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Tí wọ́n bá kọ 1/4 sára bọ́tìnì awò rẹ, kílíìkì 4 (ìró kékeré tó ń dún bí o ṣe ń yí i) ni ínǹṣì kan ní 100. Ní 25, kílíìkì 16 ni. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í, wọ́n á yí 4, wọ́n á ní awò ti bàjẹ́. Yí awò títí ọta á fi máa fi ínǹṣì 2.5 bà lókè ibi tí o wò ní 100, kí o wá yìn ín ní 200 àti 250 kí o fojú ara rẹ rí i. Má gba ìṣirò ẹ̀yìn páálí ọta gbọ́. Ìbọn tó kúrú kì í mú ọta sáré tó ti gígùn. Lọ́jọ́ tí o bá sì bọ́ sórí ọta 180 grain, tún gbogbo rẹ̀ ṣe.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ní Alabama:
Èmi kò fara mọ́ ínǹṣì 2.5 yẹn fún ẹni tó ń dẹ igbó dídí. N kì í rí ẹran kọjá 100 níbí, 100 gan-an ni mo ti mú kí ọta tèmi bá ojú awò pàdé. Ní 200 ó ń fi nǹkan bí ínǹṣì 3.5 sọ̀ kalẹ̀, ó ṣì wà nínú abọ́ tí ẹ wí. Ní 300, nǹkan bí 13 ni. N kò ní yìn ín rárá. Afẹ́fẹ́ tó ń ti ọta sẹ́gbẹ̀ẹ́ kò tilẹ̀ sí nínú ìṣirò yín.

Ọmọ Òkè-Ògùn ní Texas:
Pápá gbalasa ni mo ti ń dẹ, ti Ìyá Ọdẹ ni màá tẹ̀ lé. Mò ń lọ yìn ín wò ní 100 àti 200 lọ́jọ́ Sátidé. Màá gbé bébà tí mo lu náà wá kí ẹ bá mi wò ó.