Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: níbo ni mo ti lè rí oúnjẹ Ìlú Ọba rà ní Houston?

Ìyá Táíwò (Katy)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé láti London ni, iṣẹ́ ọkọ mi ló gbé wa wá sí Houston. Àwa àgbà kò níṣòro oúnjẹ rárá: ẹ̀gúsí, èlùbọ́, irú, ẹ̀fọ́ ṣọkọ, gbogbo rẹ̀ ló wà ní òpópónà Bissonnet níbí. Àwọn ọmọ lọ̀rọ̀ kàn. Woolwich ni mo bí wọn sí, oúnjẹ ibẹ̀ ló mọ́ wọn lẹ́nu. Àbíkẹ́yìn mi kì í jẹ nǹkan kan láàárọ̀ àfi Weetabix tí wọ́n da mílíìkì gbígbóná sí. Ribena làwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mu dàgbà. Mo ra ṣokoléètì Cadbury fún wọn níbí, wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n ní èyí kọ́ làwọn mọ̀.

Èmi fúnra mi, tíì ni mo ń wá, èyí tó dúdú dáadáa, tí mílíìkì kò ní pa adùn rẹ̀. Mo tún ń wá kọ́sítádì Bird's, ẹ̀wà Heinz, Bisto tí wọ́n fi ń ṣe ọbẹ̀ gravy, àti salad cream. Níbo ni kí n yà sí? Àbí kí n máa ní kí àbúrò mi fi wọ́n ránṣẹ́ láti London? Ẹ jọ̀ọ́, ibi tí owó rẹ̀ kò ti ní ga jù ni o.

Bàbá Alief

Ìyá Táíwò, ẹ káàbọ̀ sí Texas. Ẹ má tíì lọ sí ṣọ́ọ̀bù Gẹ̀ẹ́sì kankan. Hillcroft ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, ní àdúgbò tí wọ́n fi orúkọ Mahatma Gandhi pè, níbi táwọn ará Íńdíà pọ̀ sí. Patel Brothers wà níbẹ̀, àwọn ilé ìtajà mìíràn sì wà káàkiri ibẹ̀. Àwọn ará Íńdíà àtàwa, ọba kan náà ló jẹ lé wa lórí. Tíì àti bisikíìtì tó wọ ilé bàbá tiwọn náà ló wọ ilé bàbá tiwa. Ẹ ó bá bisikíìtì Digestive ti McVitie's níbẹ̀, ẹ ó bá Horlicks, kọ́sítádì Bird's, oríṣiríṣi tíì, àní ẹ̀wà Heinz nígbà mìíràn. Owó wọn kì í sì í ga tó ti ṣọ́ọ̀bù tó ta àsíá Gẹ̀ẹ́sì sí ojú fèrèsé.

Ohun tí ẹ ó máa ṣọ́ ni pé kí ẹ yí páálí padà, kí ẹ ka ibi tí wọ́n ti ṣe é. Wọ́n ń ṣe Horlicks ní Íńdíà, adùn rẹ̀ kò sì bá ti Ìlú Ọba mu. Wọ́n ń ṣe McVitie's náà níbẹ̀. Kò burú lẹ́nu, ṣùgbọ́n ọmọ tó ti mọ ti London á mọ̀ pé ó yàtọ̀.

Àdùkẹ́ Sugar Land

Bàbá Alief, ẹ kú iṣẹ́, sà. Mo fara mọ́ ti Hillcroft, àmọ́ ọ̀nà jìn láti Katy fún ẹni tó ní ọmọ kéékèèké lẹ́yìn ọkọ̀. Àǹtí, ẹ kọ́kọ́ wo H-E-B, ilé ìtajà oúnjẹ ńlá tó wà nítòsí yín. Ẹ wá ibi tí wọ́n to oúnjẹ ilẹ̀ òkèèrè sí, ẹ ó rí i pé wọ́n ya apá kan sọ́tọ̀ fún ti Ìlú Ọba. Gbogbo H-E-B kọ́ ló rí bákan náà o. Àwọn tó tóbi ló máa ń ní nǹkan nílẹ̀. Tíì PG Tips àti Yorkshire Tea kì í wọ́n. Ilé ìtajà World Market náà, tíì, bisikíìtì àti ẹ̀wà wà níbẹ̀, ibẹ̀ sì máa ń kún fún nǹkan Ìlú Ọba nígbà tí Kérésìmesì bá ń bọ̀.

Tí ẹ bá wá fẹ́ ibi tí gbogbo rẹ̀ ti pé, ṣọ́ọ̀bù British Isles ni, ní Rice Village, nítòsí Rice University. Owó ibẹ̀ ga, n kò ní tàn yín. Àwọn ohun tí ẹ kò rí níbòmíràn nìkan ni kí ẹ lọ rà níbẹ̀.

Alhaja Mosún

Ẹ kú ìrìnàjò o, Ìyá Táíwò. Ẹ̀wà agolo ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Èyí tó pọ̀ jù nílẹ̀ yìí, ṣúgà rẹ̀ pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n sì fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ Mùsùlùmí bíi tèmi, ẹ kà á dáadáa kí ẹ tó sanwó. Ti Heinz Ìlú Ọba kò ní ẹran nínú rárá. Heinz tún ní ẹ̀wà tí wọ́n ń ṣe fún Amẹ́ríkà, ṣúgà ìyẹn sì pọ̀ ju ti London lọ. Àwọ̀ agolo lẹ ó fi mọ̀ ọ́n: ti Ìlú Ọba wà láàárín búlúù àti àwọ̀ ewé.

Kọ́sítádì Bird's kò ní ẹyin nínú, torí náà ọmọ tí ẹyin kì í bá lára mu lè jẹ ẹ́. Ohun tó jẹ́ kí Alfred Bird ṣe é nìyẹn ní Birmingham ní 1837: ẹyin kì í bá ìyàwó rẹ̀ lára mu. Ìyẹ̀fun àgbàdo ni. Ní tiwa, a máa ń pò ó bí ògì, a ó fi àkàrà tì í. Àwọn ọmọ yín tó jẹ́ pé orí kéèkì ni wọ́n ń dà á sí ní Woolwich, ẹ jẹ́ kí wọ́n tọ́ tàwa náà wò.

Ọmọ Èkìtì, New Jersey

Ọ̀rọ̀ Cadbury yẹn, àwọn ọmọ yín kò purọ́. Hershey, ilé-iṣẹ́ ṣokoléètì ilẹ̀ yìí, ló ní àṣẹ láti máa ṣe Cadbury ní Amẹ́ríkà, bí wọ́n sì ṣe ń pò ó kò rí bíi ti Ìlú Ọba. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀: lára Dairy Milk ti Ìlú Ọba, mílíìkì ni wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ, lára ti Amẹ́ríkà, ṣúgà ni. Èyí tí wọ́n bá kọ́kọ́ dárúkọ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ti Ìlú Ọba sì ní òrí àti epo ọ̀pẹ nínú pẹ̀lú. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rí i, òrí tí ìyá mi àgbà fi ń pa wá lára nínú ọyẹ́!

Hershey bá ilé-iṣẹ́ kan tó ń kó ọjà Ìlú Ọba wọlé ṣe ẹjọ́, ní 2015 wọ́n sì fẹnu kò pé ilé-iṣẹ́ náà kò ní kó Cadbury Ìlú Ọba wọ Amẹ́ríkà mọ́. Ọ̀rọ̀ náà kan ṣokoléètì Yorkie àti Toffee Crisp pẹ̀lú. Ó dùn mí gan-an nígbà náà, torí àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké ló fara gbá a jù. Tí ẹ bá rí Cadbury ní H-E-B, ẹ má retí ti London. Ẹ lè fún wọn ní ṣokoléètì Dove wò. Ilé-iṣẹ́ Mars ló ń ṣe é, àwọn náà ló ń ṣe Galaxy ní Ìlú Ọba.

Nọ́ọ̀sì Àbẹ̀kẹ́

Àǹtí mi, ẹ má náwó lórí Ribena ní ṣọ́ọ̀bù Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ padà sí Bissonnet tí ẹ ti ń ra èlùbọ́. Àwọn ará wa ń tà á, Lucozade náà sì wà níbẹ̀. Èyí tó wá láti Nàìjíríà wà láàárín wọn. Agbára ní ìpínlẹ̀ Ògùn ni wọ́n ti ń ṣe é. Ẹ yẹ ìgò wò bóyá èyí tí wọ́n ń bu omi lé ni tàbí èyí tí wọ́n ń mu bẹ́ẹ̀.

Kó má yà yín lẹ́nu pé ará Amẹ́ríkà kò mọ adùn blackcurrant, èso tí wọ́n fi ń ṣe Ribena. Blackcurrant máa ń gbé àrùn kan tó ń pa igi páìnì, iṣẹ́ igi gẹdú sì ṣe pàtàkì nílẹ̀ yìí. Ìjọba àpapọ̀ fòfin de gbígbìn rẹ̀ ní bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ní 1966 ni wọ́n fi í sílẹ̀ fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, New York kò sì gbà á láyè padà títí di 2003. Ohun aláwọ̀ àlùkò tí àwọn ọmọ yín bá rí níbí, èso àjàrà ni.

Bọ̀dá Ṣẹ́gun (tó ti gbé Leeds rí)

Tíì: Yorkshire Tea, páálí pupa. Ẹ jẹ́ kó wà nínú omi fún bí ìṣẹ́jú mẹ́rin tàbí márùn-ún kí ẹ tó da mílíìkì sí i. Tíì tí àwọn ará ibí ń rà jù, àwọn tó fẹ́ da yìnyín sí i ni wọ́n ń tà á fún. Mílíìkì bíńtín ti pa á.

Àmọ́ ohun tó ká mi lára jù ni kẹ́tùlù. Ẹ má gbé ti London wá! 230 volt ni iná ibẹ̀, 120 ni tibí, kò ní gbé e. Ẹ ra kẹ́tùlù níbí, kí ẹ sì ní sùúrù fún un, torí wattì 1500 ló sábà máa ń jẹ, ti London sì ń jẹ tó 3000. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi máíkírówéèfù gbóná omi tíì. Omi gbọ́dọ̀ hó dáadáa kí tíì tó lè jáde.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Logistics

Lórí pé kí àbúrò yín fi ránṣẹ́: nǹkan ti yí padà. Tẹ́lẹ̀, ẹrù tí kò bá ju 800 dọ́là lọ ń wọlé láìsan owó orí. Láti ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 2025, ìjọba ti fòpin sí ìyẹn. Ẹ̀bùn tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ sí ẹnì kejì ṣì ń wọlé láìsan nǹkan kan bí iye rẹ̀ kò bá ju 100 dọ́là lọ. Kí àbúrò yín kọ ohun tó wà níbẹ̀ àti iye rẹ̀ ní òtítọ́, kó má kàn kọ "oúnjẹ". Tí ẹ bá ń rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti London, ẹ bèèrè ẹni tó máa san owó orí kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì.

Tó bá jẹ́ inú báàgì ẹni tó ń bọ̀ ni, tíì, bisikíìtì, ṣokoléètì àti Weetabix kò ní wàhálà. Ẹran ni kí wọ́n má dì: kò sí bacon, kò sí sọ́séèjì, kò sí páì ẹlẹ́ran. Ohun oúnjẹ yòówù kó jẹ́, kí wọ́n sọ ọ́ fún àwọn aṣọ́bodè.

Ìyá Táíwò (Katy)

Ọlọ́run á bù kún gbogbo yín. Mo ti rí Weetabix ní H-E-B, àbíkẹ́yìn mi sì ti jẹun. Sátidé tó ń bọ̀ ni mo máa lọ sí Hillcroft. Ó ku salad cream. Fúláwà self-raising tí mo sì rà níbí, kéèkì mi níyọ̀. Kí ló fà á?

Àdùkẹ́ Sugar Land

Salad cream, British Isles nìkan ni mo ti rí i, Àǹtí. Tó bá tán, ẹ mú mayonnaise, ẹ fi fínígà díẹ̀, mọ́sítádì díẹ̀ àti ṣúgà sí i, kí ẹ pò ó títí yóò fi ṣàn.

Wọ́n máa ń fi iyọ̀ sínú fúláwà yẹn níbí, wọn kì í fi sí ti Ìlú Ọba. Ẹ máa ra fúláwà lásán. Bí ẹ bá wọn gíráàmù 150, ẹ fi ṣíbí tíì 2 baking powder sí i, kí ẹ jọ̀ wọ́n pọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Tí ìwé kéèkì yín bá ní kí ẹ fi iyọ̀ sí i, ẹ fi tiyín sí i bó ṣe wù yín.