Kóòṣì ló jẹ̀bi àbí òfin owó? Ẹ̀yin ọmọ Everton, ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Bàbá Aláwọ̀ Búlúù:

Ẹ kú ìfaradà, ẹ̀yin ọmọ Everton. Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn nínú ilé wa: ṣé kóòṣì ló fa ìdààmú ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù wa nínú Premier League, líìgì ńlá ilẹ̀ England, àbí òfin tó de ìnáwó kílọ́ọ̀bù? Mo fẹ́ kí ẹ bá wa dá sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wulẹ̀ ka ìwé ìròyìn fún wa. Ohun tójú kálukú rí ni kó sọ.

Daniel Amokachi ló fà mí wọ ẹgbẹ́ yìí. Nínú ìdíje FA Cup ọdún 1995, a fẹ́ bá Tottenham figẹ̀ wọngẹ̀ kí á tó dé àṣekágbá. Paul Rideout fara pa, wọ́n ṣì ń yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò bóyá yóò lè máa gbá a lọ, àṣé Amokachi ti wọ pápá ní tiẹ̀. Joe Royle tó jẹ́ kóòṣì kò rán an níṣẹ́ o! Góòlù méjì ló jẹ lọ́jọ́ náà, a nà wọ́n 4-1, a sì lọ gba ife ọ̀hún mọ́ Manchester United lọ́wọ́. Ife ńlá tí a gbà kẹ́yìn nìyẹn, nítorí náà ẹ má bi mí pé kí ló dé tí mo fi ń sọ ọ́ lásọtúnsọ.

Àbúrò mi tí èmi náà fà wọlé la jọ ń jà báyìí. Ní ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá ọdún 2023, wọ́n kéde pé wọ́n ti yọ póńtì mẹ́wàá lọ́wọ́ wa torí pé àdánù owó wa kọjá ohun tí òfin líìgì gbà. Póńtì 14 la ní, ó di mẹ́rin. Ipò kẹrìnlá la wà, a bá ara wa ní ipò kọkàndínlógún, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó gbá bọ́ọ̀lù kankan lọ́jọ́ náà. Àbúrò mi pè mí, ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, “Bọ̀dá mi, ẹ wá rí i pé ó yẹ kí wọ́n ti lé kóòṣì Dyche.”

Mo ní Dyche kẹ̀? Ìwé owó tí wọ́n torí rẹ̀ fìyà jẹ wá, ọdún 2022 ló parí. Sean Dyche kò tíì tẹ Goodison, pápá wa, nígbà yẹn, oṣù kìíní ọdún 2023 ló dé. Ẹni tí kò sí nílé nígbà tí wọ́n ń náwó, báwo la ṣe fẹ́ gbé gbèsè kọ́ ọ lọ́rùn? Ó ní kóòṣì tó bá dáa yóò gba póńtì tó pọ̀ débi pé mẹ́wàá kò ní dùn wá. Ọ̀rọ̀ di ariwo, ó já fóònù mọ́ mi létí.

Ó yá, ẹ sọ tiyín.

Oníṣirò:

Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ owó ni mò ń ṣe, ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ sì jẹ́ ọmọ Arsenal. Lọ́jọ́ Monday tó tẹ̀ lé ìdájọ́ yẹn, kò tíì jókòó tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í pè wá ní olè. Mo fa ìwé yọ, mo ní, “Ọ̀gá, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀.”

Òfin tí wọ́n ń pè ní PSR kò sọ pé kílọ́ọ̀bù kò gbọdọ̀ pàdánù owó. Ohun tó sọ ni pé láàárín ọdún mẹ́ta, àdánù náà kò gbọdọ̀ kọjá mílíọ̀nù 105 pọ́n-ùn, ìyẹn náà tí olówó ẹgbẹ́ bá fi owó tirẹ̀ dí mílíọ̀nù 90 níbẹ̀. Owó tí wọ́n ná sórí pápá ìṣeré tuntun, sórí àwọn ọmọ tí wọ́n ń kọ́, sórí bọ́ọ̀lù obìnrin, wọn kì í kà á mọ́ ọn. Tiwa jẹ́ mílíọ̀nù 124.5. Mílíọ̀nù 19.5 tó lé yẹn ni póńtì mẹ́wàá.

Ọ̀gá mi béèrè ibi tí owó náà gbà lọ. Mo mú àpẹẹrẹ Cenk Tosun, agbábọ́ọ̀lù wa kan, fún un. Ní oṣù kìíní ọdún 2018, a rà á ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 27, àdéhùn ọdún mẹ́rin àtààbọ̀. Nínú ìwé, wọn kì í kọ mílíọ̀nù 27 sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n á pín in sórí iye ọdún àdéhùn, mílíọ̀nù mẹ́fà lọ́dọọdún. Torí náà, ẹni tí o rà lánàá, o ṣì ń san án nínú ìwé lọ́dún kẹrin, bó wà lórí pápá o, bó wà lórí bẹ́ǹṣì o, owó oṣù tirẹ̀ sì tún dúró lọ́tọ̀. Nígbà tí àdéhùn Tosun parí ní 2022, ó di irin-àjò rẹ̀ lọ, pẹ́nì kan kò wọlé. Ẹ wá ka iye irú rẹ̀ tí a rà láti ìgbà tí Farhad Moshiri, olówó ẹgbẹ́, ti dé ní 2016. Kóòṣì Koeman dé, ó ra tirẹ̀. Allardyce dé, Silva dé, Ancelotti dé. Nígbà tó fi máa kan Benitez ní 2021, owó ti tán: Demarai Gray tí a ra ní mílíọ̀nù 1.7 nìkan ni ẹni tí a fowó rà fún un nígbà ooru yẹn, ọ̀fẹ́ ni àwọn yòókù. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, àmọ́ ohun tí wọ́n ń ṣe ní Everton nìyẹn, orí kóòṣì lẹ́yìn orí kóòṣì. Ogun Ukraine tún wá dé ní 2022, a ní láti dá àdéhùn ìpolówó àwọn iléeṣẹ́ Alisher Usmanov, olówó ilẹ̀ Rọ́ṣíà, dúró.

Ibi tó dùn mí jù rèé. Ọmọ tí a bá tọ́ dàgbà láti kékeré, kò sí iye kankan tí a kọ sílẹ̀ fún un nínú ìwé, torí a kò rà á. Tí a bá tà á, gbogbo owó rẹ̀ lèrè. Ẹ wá rí i pé ọmọ inú ilé ni òfin yìí kọ́kọ́ ń lé wa láti tà. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, wọ́n lé kóòṣì Lampard lọ́jọ́ 23, wọ́n ta Anthony Gordon tí a tọ́ dàgbà sí Newcastle lọ́jọ́ 29, wọ́n gbé Dyche wọlé lọ́jọ́ 30. Ìlẹ̀kùn ọjà agbábọ́ọ̀lù tì, a kò ra ẹyọ ẹnì kan. Ìdíje àkọ́kọ́ Dyche, ta la bá pàdé? Arsenal tó wà lókè téńté. McNeil gbá kọ́nà, Tarkowski fi orí kàn án wọlé, a borí 1-0. Mo rán ọ̀gá mi létí ìyẹn náà.

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ó dáa. Ta ló ní kẹ́ ẹ ra Tosun?” Nínú gbogbo ohun tó sọ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ìbéèrè yẹn ló lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Àǹtí Goodison:

Ẹ ṣeun Oníṣirò, ọ̀rọ̀ yín yé mi. Àmọ́ òfin owó wo ló ní kí wọ́n máa gbá bọ́ọ̀lù sójú ọ̀run?

Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 2024, Everton àti Bournemouth ní Goodison. A ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì léraléra nínú líìgì kí ó tó kàn wọ́n, 3-0 lọ́wọ́ Brighton àti 4-0 lọ́wọ́ Tottenham. Keane jẹ ọ̀kan, Calvert-Lewin jẹ ọ̀kan, 2-0. Mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ mi pé kí wọ́n wá bá mi yọ̀. Ó di ìṣẹ́jú 87, Semenyo jẹ ọ̀kan. Mo ní kò burú, ó ku díẹ̀. Ó lé ní ìṣẹ́jú 90, Cook fi orí kan èkejì. Ọwọ́ mi ṣì wà lórí fóònù, mi ò tíì parí ọ̀rọ̀ tí mò ń kọ. Sinisterra tún fi orí kan ẹ̀kẹta. 3-2! Mo wo ẹ̀gbẹ́ pápá bóyá màá rí kóòṣì tó ń ké, tó ń yí nǹkan padà. Àwọn tó wà lẹ́yìn tiwa ń sún mọ́ gólì wọn síi ni, ẹnu yà mí. Ìdíje tó tẹ̀ lé e, Aston Villa, a tún fi 2-0 ṣáájú, a tún pàdánù 3-2. Ṣé PSR ló ṣe ìyẹn náà?

Ní ọjọ́ 9 oṣù kìíní ọdún 2025, wọ́n lé Dyche ní wákàtí díẹ̀ ṣáájú ìdíje FA Cup pẹ̀lú Peterborough. David Moyes tó ti ṣe kóòṣì wa rí padà wá. Agbábọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ló kún wọn, Alcaraz tí a yá. Dyche gba póńtì 17 nínú ìdíje 19. Moyes gba 31 nínú 19 tó kù. Ẹsẹ̀ kan náà, aṣọ kan náà. Ẹ gbé ìwé owó yín tì fún mi ná.

Ọmọ Stamford:

Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ Chelsea ni mí, ẹ má lé mi. Tiwa kì í ṣe póńtì, tiwa ni ìtìjú. Kílọ́ọ̀bù wa ta òtẹ́ẹ̀lì méjì fún iléeṣẹ́ tó jẹ́ ti àwọn olówó wa kan náà, mílíọ̀nù 76.5, kí àdánù inú ìwé lè kéré, Premier League gbà á wọlé. UEFA, àjọ bọ́ọ̀lù Yúróòpù, ní àwọn ò gbà, wọ́n bu owó ìtanràn lé wa lórí ní 2025. Ohun tí Oníṣirò sọ nípa ọmọ inú ilé, mo rí i pẹ̀lú Conor Gallagher tó ti wà lọ́dọ̀ wa láti kékeré. Ó sáré títí, wọ́n tún ń fi í ṣe ọ̀gá wọn lórí pápá lọ́pọ̀ ìgbà, síbẹ̀ wọ́n tà á sí Atletico Madrid. Aṣọ tí mo kọ orúkọ rẹ̀ sí lẹ́yìn ṣì wà nílé, mi ò lè wọ̀ ọ́, mi ò lè sọ ọ́ nù.

Àǹtí Goodison:

Ẹ ní òtẹ́ẹ̀lì láti tà! Ẹ máa dúpẹ́.

Àbúrò Wọn:

Èmi ni àbúrò tí Bọ̀dá ń sọ. Mi ò já fóònù, bátìrì ló kú.

Lẹ́yìn tí wọ́n yọ póńtì yẹn, mo gbà pé Dyche ṣe dáadáa fún ìgbà díẹ̀. Nínú oṣù kejìlá 2023, a na Forest, Newcastle, Chelsea àti Burnley tẹ̀ lé ara wọn. Mo sọ fún Bọ̀dá pé mo ti dáríjì í. Àfi bí ó ṣe di ọjọ́ 16 oṣù náà tí a na Burnley tán, a kò borí ẹnikẹ́ni mọ́ nínú líìgì títí di ọjọ́ 6 oṣù kẹrin. Burnley kan náà la tún padà borí o, góòlù ọ̀hún sì jẹ́ èyí tí gólì wọn gbá lu Calvert-Lewin tó sì wọlé. Lẹ́yìn rẹ̀ la lọ pàdánù 6-0 nílé Chelsea, Cole Palmer tiwọn nìkan jẹ mẹ́rin. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo kọ ọ̀rọ̀ gígùn ránṣẹ́ sí Bọ̀dá, mi ò ní tún un sọ níbí torí àwọn àgbà wà níjòókòó.

Kò pẹ́ rárá, a na Forest 2-0. Lẹ́yìn ìyẹn, Liverpool dé Goodison ní ọjọ́ 24, wọ́n ń lé ife líìgì. Branthwaite, Calvert-Lewin, 2-0. Láti 2010 ni a ti borí wọn nílé kẹ́yìn nínú líìgì! Mo pariwo débi pé ohùn mi pa. Dyche kan náà ni. A tún na Brentford, a sì yọ nínú ewu jíjá sí líìgì ìsàlẹ̀. Torí náà, ẹ má pè mí ní ọ̀tá rẹ̀. Mo kàn ní ẹni tó lè ṣe èyí fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ló dá a dúró láti ṣe é fún oṣù mẹ́rin?

Bàbá Aláwọ̀ Búlúù:

Bátìrì. Ó dáa.

Àǹtí, mo gbọ́ yín. Àmọ́ ẹ bá mi ka nǹkan kan. Póńtì mẹ́wàá tí wọ́n yọ, wọ́n dín in kù sí mẹ́fà ní ọjọ́ 26 oṣù kejì 2024 lẹ́yìn tí a pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ní oṣù kẹrin, wọ́n tún yọ méjì torí ìwé ọdún tó tẹ̀ lé e. Mẹ́jọ lápapọ̀. Mo ń ṣí tábìlì líìgì láàárọ̀, mo ń bá ipò wa níbi tí n kò fi í sí lálẹ́ àná. Póńtì 40 la fi parí sáà náà. Ẹ dá mẹ́jọ yẹn padà, 48. Sáà tó tẹ̀ lé e tí ẹ ní Moyes gbà wá là, 17 pẹ̀lú 31, mélòó ni? 48 náà ni. Kóòṣì tí ẹ ní kò mọ nǹkan kan gba iye kan náà láìsí ẹni tó gbà á sílẹ̀, pẹ̀lú àwọn adájọ́ tó ń gbá bọ́ọ̀lù lòdì sí i láti inú ọ́fíìsì.

Ohun tó ń bí mi nínú nípa òfin náà kò ju èyí lọ: ẹni tó náwó kò fara gbá nǹkan kan. Moshiri ta ẹgbẹ́ fún Friedkin Group ní oṣù kejìlá 2024, ó gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Àwa la jókòó ti tábìlì.

Àǹtí Goodison:

Ẹ̀gbọ́n, ìṣirò yẹn dùn létí. Àmọ́ tí ẹ bá pín in sí méjì, ẹ máa rí i pé ẹni tó ń lọ sílẹ̀ ni wọ́n lé, ẹni tó ń gòkè ni wọ́n gbé wọlé. N kò sọ pé Dyche ò ṣe nǹkan kan rí. Mo sọ pé ìgbà rẹ̀ ti tán.

Oníṣirò:

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un, torí òfin yẹn gan-an ti ń kógbá wọlé. Ní oṣù kọkànlá 2025, àwọn kílọ́ọ̀bù dìbò pé láti sáà 2026/27, owó àwọn agbábọ́ọ̀lù àti kóòṣì kò gbọdọ̀ kọjá ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé nídìí bọ́ọ̀lù, tí wọ́n bá ti ro èrè títa agbábọ́ọ̀lù mọ́ ọn. UEFA ti wà lórí 70 ní tiwọn. Fún wa, kò burú jù: pápá tuntun gba èèyàn tó lé ní 52,000, Goodison kò ju nǹkan bí 39,000 lọ, tíkẹ́ẹ̀tì á pọ̀ sí i. Àwọn tó ní owó tẹ́lẹ̀ ló máa jàǹfààní jù ṣá. Ìdá 85 nínú owó Manchester United kì í ṣe ẹgbẹ́ ìdá 85 nínú tiwa.

Àbúrò Wọn:

Ṣé a lè wá ra ẹni tó ń jẹ góòlù báyìí?

Oníṣirò:

Tí wọ́n bá ta ọmọ inú ilé kan.