Ṣé jẹjẹrẹ awọ ara tí wọ́n ń pè ní mycosis fungoides máa ń ràn?

Ara mi ni wọ́n ti rí i, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n dáhùn kí n tó ròyìn: kì í ràn rárá. Ibùsùn kan náà ni èmi àti ọkọ mi ń sùn, balùwẹ̀ kan ni gbogbo wa ń lò, kò sì sí ẹni tí ó kó o lára mi.

Ìdí àti itan mi, níbi tí aṣọ ń bò tí oòrùn kì í dé, ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ó dà bí ìfo, ó funfun ju awọ ara mi yòókù lọ, ó sì ń yún mi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ọdún ń gorí ọdún, mo ń lo ọṣẹ dúdú àti ìpara làpálàpá, títí ó fi yọ sí mi lápá. Aránṣọ ni mí. Oníbàárà kan wá gba aṣọ tí mo ti gé sílẹ̀, ó ní òun yóò rán an níbòmíràn. Kò dárúkọ ẹ̀tẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lápá mi.

Dókítà awọ ara pàápàá kọ́kọ́ wá ẹ̀tẹ̀. Ó ní kí n dijú, ó ń fi òwú kan àwọn ojú ibi tó funfun náà, kí n sì máa sọ ibi tí ó ti kàn mí. Gbogbo rẹ̀ ni mo mọ̀ lára, bẹ́ẹ̀ ẹ̀tẹ̀ a máa pa ìmọ̀lára awọ. Ó gé awọ díẹ̀ fún àyẹ̀wò. Èsì àkọ́kọ́ kò dájú, èyí tí ó wọ́pọ̀ nínú àrùn yìí, ìkejì ló fi í hàn. Ó ṣàlàyé pé sẹ́ẹ̀lì T, ọ̀kan lára àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tí ń gbèjà ara, ni ó ń pọ̀ sí i láìníjàánu nínú awọ mi nítorí pé jíìnì inú rẹ̀ ti yí padà. Ìmọ̀ ìṣègùn kò tíì rí ohun tó ń fa ìyípadà yẹn. Àwọn kan ní ìpara ìbóra ni. Èmi kì í bóra, ọdún 1806 sì ni Jean-Louis Alibert, dókítà ará Faransé kan, ti ṣàpèjúwe àrùn náà ní ìlú Paris, tipẹ́ kí ìpara ìbóra òde òní tó dé.

*

Ẹ kú ìrójú, ẹ̀gbọ́n mi. Lọ́ńdọ̀nù ni mo wà, èmi náà ní in. Inú àpótí iná ultraviolet ni mo ń dúró sí fún ìṣẹ́jú díẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, àwọ̀ mi sì ti ń padà bọ̀ díẹ̀díẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ kìlọ̀ pé ó lè tún yọ. Ohun tí ń da àwọn ènìyàn láàmú ni pé jẹjẹrẹ sẹ́ẹ̀lì T mìíràn wà tí fáírọ́ọ̀sì HTLV-1 ń fà, fáírọ́ọ̀sì yìí sì wà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ó lè ti inú ọmú, ìbálòpọ̀ tàbí ẹ̀jẹ̀ ran ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ náà fúnra rẹ̀ kì í ràn. Torí pé ọmọ Áfíríkà ni mí, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò fún un kí wọ́n tó dárúkọ èyí tó ń ṣe mí. Wọn kò rí i. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà yín bóyá wọ́n ti ṣe àyẹ̀wò yẹn fún yín.